Àròjù Bí Ifọ̀n: Ẹni Tó Bá Ń Họ Ọ́, Yóò Dé Eegun

Àwọn àgbà ní bí a bá ní ká wo ti dídùn ifọ̀n, a ó họra dé eegun. Kì í ṣe ifọ̀n ara ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí dá lé o. Ifọ̀n kan wà tí ojú kì í rí. Inú orí ló ń gbé, òru ló sì máa ń jẹni jù. Àròjù ni orúkọ rẹ̀. Ó ti gba oorun lójú ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà, ó ti mú kí oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ dáadáa máa wo ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò.

Ẹ wo ìyá tó ń ṣe púpurú ní Ìkọ̀yà, nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Yóò bó ẹ̀gẹ́, yóò rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ 3 sí 5 títí yóò fi rọ̀. Yóò fún omi rẹ̀ dànù, yóò ṣa okùn inú rẹ̀ kúrò, yóò mọ ọ́n róbótó, yóò sì tò ó sórí àjà lókè iná kí èéfín fà á gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ha dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, tí yóò lọ̀ ọ́, tí yóò sì jọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tó gba ọwọ́ ni, ṣùgbọ́n ó gba ìdúró pẹ̀lú. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ ń rọ̀ lódò, nígbà tí púpurú ń gbẹ lórí iná, ọwọ́ ìyá lè dilẹ̀ díẹ̀. Orí rẹ̀ ni kì í dilẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. "Èló ni mo pa lọ́jà tó kọjá? Owó àjọ ńkọ́? Owó iléèwé ọmọ ńkọ́? Ìyáálé mi kò jẹ́ mi bó ṣe yẹ láàárọ̀, kí ni mo fi ṣe? Àbí ẹnì kan ti lọ sọ nǹkan fún un ni? Ṣebí àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ọjà ló ti kọ́lé yẹn. Èmi nìkan ló kù. Olóríburúkú ni mí." Kí àkùkọ tó kọ, ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lórí náírà díẹ̀ ti di ẹjọ́ àyànmọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn ọkùnrin náà, bí wọn kò tilẹ̀ ń sọ ọ́ síta. Télọ̀ tó gé aṣọ oníbàárà kù, mẹkáníìkì tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sá lọ, káfíńtà tó ti ra pákó tí ẹni tó béèrè iṣẹ́ kò sì padà wá, gbogbo wọn ló mọ òru tí kì í mọ́ bọ̀rọ̀.

ÌRÒNÚ YÀTỌ̀ SÍ ÀRÒJÙ

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kí ọlọ́jà má ronú. Ẹni tí kò bá ronú yóò ra ọjà ní gbèsè, yóò tà á ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ìrònú ní ibi tó ń lọ. Ó ń rin ìrìn-àjò ni, bó bá sì débẹ̀ yóò wí pé, "Ohun tí mo máa ṣe nìyí." Àròjù dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ó rìn láti àárọ̀ di alẹ́, gbogbo ẹsẹ̀ ti ń ro ó, síbẹ̀ ojú kan náà ló wà.

Ọ̀nà kan rèé tí ènìyàn fi lè dá méjèèjì mọ̀. Kí ó bi ara rẹ̀ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 10: ṣé ohun kan wà tó mọ̀ báyìí tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ṣé ohun kan wà tó ti pinnu láti ṣe? Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú méjèèjì, kì í ṣe ìrònú ló ń ṣe mọ́, ara ló ń họ.

Kí ló wá dé tí kò fi rọrùn láti dáwọ́ dúró? Àròjù jọ iṣẹ́ ni. Ẹni tó jókòó sójú oorun tó ń ro gbèsè rò pé òun ń ṣe nǹkan sí gbèsè náà. Bó bá dákẹ́ rírò, ó ń ṣe é bí ẹni pé kò bìkítà, bí ẹni pé bí òun bá gbójú kúrò báyìí ni nǹkan máa bàjẹ́. Dídùn ifọ̀n nìyẹn. Ilẹ̀ á sì mọ́, gbèsè kò dín kọ́bọ̀, oorun nìkan ló dín.

Ara náà ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1960, oníṣègùn ọpọlọ kan tó wá láti Kánádà, Raymond Prince, tẹ ìwé jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ń ráhùn fún un pé orí ń gbóná, pé ohun kan ń rìn nínú orí, pé ojú ń ṣú, ìwé kò sì wọ inú mọ́. Brain fag ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é, wọ́n ní ọpọlọ tó ti rẹ̀ ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ru ẹrù ìwé nìkan. Ìrètí gbogbo ẹbí tó dáwó fún un wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Orí tó ń gbóná yìí kò ṣàjèjì sí ìyá tó ń ru ìrètí ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún.

"MÁ RONÚ MỌ́" KÌ Í ṢE OÒGÙN RẸ̀

Bí ẹnì kan bá ké sí ọ̀rẹ́ pé ọkàn òun kò balẹ̀, ohun tí ọ̀rẹ́ sábà máa ń wí ni pé, "Má ronú mọ́ jàre." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọdé pé kó má fi ahọ́n kan eyín tó ń mì, kí ẹ wá wo ibi tí ahọ́n rẹ̀ máa wà.

Ọ̀mọ̀wé Daniel Wegner dán èyí wò ní Amẹ́ríkà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1987. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa sọ gbogbo ohun tó bá wá sọ́kàn wọn fún ìṣẹ́jú 5, àmọ́ kí wọ́n má ro béárì funfun, ẹranko ńlá ilẹ̀ òtútù yẹn. Ìgbàkígbà tó bá wá sọ́kàn, kí wọ́n lu agogo. Agogo kò sinmi. Ìgbà tó sì wá yọ̀ǹda fún wọn pé kí wọ́n rò ó, ńṣe ni béárì náà ń ya wọ inú wọn ju ti àwọn tí kò dá lẹ́kun láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ohun tí a bá ń fi agbára lé nínú ọkàn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa ń dúró sí.

Bí fífi agbára lé e kò bá ràn án, tí jíjókòó tì í kò sì ràn án, kí ló kù? Ká gbé e jáde ni. Ká gbé e kúrò nínú orí ẹnìkan, ká gbé e síwájú ẹni méjì.

ÀGA ÀWỌN ÌYÁ ÀGBÀ NÍ ZIMBABWE

Àwọn ará Shona ní Zimbabwe ní orúkọ fún àìsàn yìí. Kufungisisa ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni ríronú jù. Oníṣègùn ọpọlọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dixon Chibanda. Ní ọdún 2005, obìnrin kan tó ń tọ́jú gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ó yẹ kó ti padà wá rí dókítà, owó ọkọ̀ ni kò ní, bíi dọ́là 15 péré. Ọ̀rọ̀ yìí dun Chibanda wọra. Ó rí i pé bí òun bá jókòó sí ilé ìwòsàn ńlá tí òun ń retí kí aláìsàn wá, ọ̀pọ̀ kò ní dé.

Ní ọdún 2006, ó kó àwọn ìyá àgbà 14 jọ ní Mbare, ní ìlú Harare. Wọn kì í ṣe dókítà, wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìyá ọmọ ni wọ́n, tí ojú wọn ti rí tó. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ó sì gbé àga onígi gbọọrọ kan fún wọn lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ní gbangba. Àga ìlera ọpọlọ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó lé e, nítorí ta ló fẹ́ kí aládùúgbò máa pe òun ní wèrè? Àwọn ìyá àgbà náà ló là á lọ́yẹ̀ pé orúkọ yẹn ò dáa. Wọ́n yí i padà sí Chigaro Chekupanamazano, èyí tó já sí àga tí a ti ń gba ara ẹni nímọ̀ràn. Ìgbà náà ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá àgbà kò ní sọ pé, "Má ronú mọ́." Kò ní sọ pé, "Ṣé ìwọ nìkan ni?" Yóò ní, "Jókòó, kí ló dé?" Àlejò rẹ̀ á tú gbogbo ẹrù sílẹ̀: ọkọ, gbèsè, ọmọ, àìsàn, àyálégbé. Kuvhura pfungwa ni wọ́n ń pe ìpele yìí, ìyẹn ni ṣíṣí ọkàn. Lẹ́yìn náà, àlejò fúnra rẹ̀ ni yóò mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀ tí wọ́n máa kọ́kọ́ dojú kọ. Wọ́n á jọ wá ìgbésẹ̀ kékeré kan tó ṣeé ṣe kí wọ́n tún tó pàdé. Á lọ ṣe é, á sì padà wá jábọ̀.

Wọ́n wádìí bóyá ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2016. Ènìyàn 573 ló wà nínú ìwádìí náà, ní ilé ìwòsàn 24 ní Harare. Lẹ́yìn oṣù 6, nínú àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀, bí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nínú àwọn tó jókòó sórí àga ìyá àgbà, bí 14 péré ni.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yóò fẹ́ gbọ́. Àwọn tó bá ti kúrò lórí àga náà máa ń dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Circle Kubatana Tose, níbi tí wọ́n ti jọ ń hun báàgì tí wọ́n ń tà. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń sọ̀rọ̀, owó díẹ̀ ń wọlé, orí ń fúyẹ́.

ÀRÒ TI KỌ́KỌ́ FI HÀN

Kò yẹ kí èyí jọ ohun àjèjì létí ọmọ Yorùbá. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ irú ìtọ́jú kan ní Àrò tí gbogbo ayé wá wò. Lásìkò náà, inú ọgbà tí wọ́n tì pa ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ aláwọ̀ funfun ń kó alárùn ọpọlọ sí. Lambo ní rárá. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ìbátan kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Aláìsàn á gba abẹ́rẹ́ àti oògùn, á padà sí abúlé, á bá wọn lọ oko, á bá wọn jó nígbà ọdún. Ní ọdún 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ gbogbo Áfíríkà ti ṣe ìpàdé wọn àkọ́kọ́. Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 1973, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1988. Ó dolóògbé ní ọdún 2004.

Àìsàn àwọn tó wà ní Àrò wúwo ju àròjù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ló wà níbẹ̀: ọkàn tó dàrú kì í tò nínú ìdáwà. Àga bíi ti Harare kò lè gba káfíńtà Ìkọ̀yà ní ọjọ́ kan. Ẹni tó máa jókòó lé e ló ṣòro wá: àgbà tó ní sùúrù, tí kì í gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, tó lè gbọ́ tán kó tó lanu. Ẹni tó bá ní ọ̀kan irú rẹ̀, kó dì í mú. Ẹni tí kò bá ní, kó wò ó bóyá òun fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan fún ẹlòmíràn.

OHÙN TÓ Ń BÚNI NÍNÚ

Àwa Yorùbá kì í fi èpè ṣeré. Bí ẹnì kan bá pe ọmọ ìyá kan ní olóríburúkú lójú ọjà, ìjà dé nìyẹn, ìborùn á já sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kan náà lè fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá kílẹ̀ tó mọ́, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Dókítà Aaron Beck ní Amẹ́ríkà ló ṣàlàyé fún ayé, láti bí ọdún 1960 síwájú, pé irú ọ̀rọ̀ báyìí máa ń ṣàdédé bọ́ sọ́kàn ni. Ènìyàn kì í pè é, ó sì máa ń gbà á gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìtọ́jú tó dá sílẹ̀ ni pé kí ènìyàn kọ́ bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ìwọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo òṣùwọ̀n lójoojúmọ́, iṣẹ́ yín ni.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òsìkà. Bí ẹjọ́ bá dé iwájú Abodi ní Ìkọ̀yà, ẹlẹ́jọ́ àti olùjẹ́jọ́ ni yóò sọ̀rọ̀. Kí ló wá dé tí a fi ń gbọ́ tẹnu ohùn tó ń búni nìkan? Bó bá ní, "Kò sí ohun tí o dáwọ́ lé tó yọrí," kí a bi í pé: ta ló wá fi púpurú rán àwọn ọmọ yẹn níwèé? Bó bá ní, "Gbogbo oníbàárà ló ti kọ̀ ọ́," kí a ka àwọn tó rà lọ́sẹ̀ yìí lórí ìka. Ẹnì kan tó kọ̀ kì í ṣe gbogbo ayé.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ènìyàn máa tan ara rẹ̀. Télọ̀ tó gé aṣọ kù, ó gé e kù. Kó wí pé, "Mo ba aṣọ yìí jẹ́, mo máa lọ bẹ olówó rẹ̀." Gbólóhùn yẹn ní ọ̀nà àbájáde. "Ọ̀bàyéjẹ́ ni mí" kò ní. Ọ̀kan ń sọ nípa iṣẹ́ ọjọ́ kan, èkejì ń dájọ́ ayérayé.

OHUN TÍ ẸNI TÓ Ń RO ÀRÒJÙ LÈ ṢE

Àkọ́kọ́, kó dá àkókò fún ìrònú rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Thomas Borkovec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1983. Ààbọ̀ wákàtí lójúmọ́, àkókò kan náà, ojú kan náà. Bí àníyàn bá dé ní wákàtí mìíràn, a ó sọ fún un pé, "Padà wá ní aago márùn-ún." Kò jọ "má ronú mọ́." Òwò ni a bá a ṣe, bí a ṣe ń sọ fún alájọ pé ó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lóòótọ́, kó má ṣe jẹ́ orí ibùsùn.

Èkejì, kó ka àwọn ìṣòro náà síta, lórí ìka tàbí kó ní kí ọmọ bá òun kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tó dà bí igba nínú orí lè má ju mẹ́rin lọ lórí ìwé. Kó mú ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ owó gbọ́mú-lé-lántà ló ń lé oorun lọ, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ lè jẹ́ kó lọ bá olówó kí ọjọ́ tó pé, kó sọ iye tó lè san. Ìtìjú ìṣẹ́jú márùn-ún sàn ju àìsùn oṣù kan lọ.

Ẹ̀kẹta, kó má ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lóru. Ìyáálé tí kò jẹ́ni dáadáa láàárọ̀ lè jẹ́ pé ehín ló ń dùn ún. Kó dúró kílẹ̀ mọ́, kó sì fi ẹnu béèrè. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti tú nítorí ohun tí wọ́n rò, tí kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ owó ọjà ló sì ti wọ àpò ẹni tó ń ta ìbẹ̀rù, tó sọ fún ìyá tí kò sùn pé ará ilé ló ń ṣe é.

Ẹ̀kẹrin, bí oorun bá kọ̀, kó dìde lórí ẹní, kó fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ títí oorun yóò fi padà.

ÌGBÀ TÍ Ó DI TI ILÉ ÌWÒSÀN

Àròjù kan wà tó ti kúrò ní ti ọ̀rẹ́ àti ìyá àgbà. Bí ẹnì kan kò bá sùn, tí kò jẹun dáadáa, tí nǹkan kan kò wù ú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2. Bó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Bó bá ń wí pé ó sàn kóun kú, kí wọ́n má ṣe fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Òkìtìpupa, kí wọ́n sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́. Àwọn ilé ìwòsàn tó wà fún àìsàn ọpọlọ gan-an náà wà ní Àkúrẹ́ àti ní Àrò. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já tàbí tí orí ń fọ́ lemọ́lemọ́, kó jẹ́ kí wọ́n wo ìfúnpá rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí gbogbo orí fífọ́ kọ́ ni ìrònú fà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ ju ti ẹni tí ibà ń ṣe lọ.

Kò sí èyí tó lè san gbèsè kúrò lọ́rùn ẹnikẹ́ni nínú gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí. Gbèsè á ṣì jẹ́ gbèsè, ọjà tí kò tà kò tà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó sùn lóru ni yóò ní agbára láti jí lọ ta ọjà ọ̀la.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ tó wọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, gbogbo ọjà ló ń rí i, tí wọ́n á ní, "Ìyá ọmọ, tún ọmọ pọ̀n." Orí ìyá tó wọ́ nínú lọ́hùn-ún kì í hàn. Nítorí náà, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ara yín, kí ẹ sì jókòó gbọ́ èsì.